Ohun Tí Àgbà Ń Wò Lẹ́yìn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Èmi gbà pé ẹni tó dúró dáadáa náà yẹ kó bojú wẹ̀yìn, kó lè mọ ohun tó gbé e ró.

Bí àwa tá a kàwé ní Yunifásítì Èkó, l'Ákọkà, bá pàdé, ọ̀rọ̀ ìwé kì í pẹ́ tán lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ yàrá ni kì í tán. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ tipẹ́. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀dì gbà á wọ Jájá, Mọrèmi tàbí Eni Njoku. Ẹni tí kò bá rí, tí òbí rẹ̀ lówó, á gba yàrá ní Bàrígà tàbí Abúlé-Ọjà. Tálákà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ ni yóò sún fún un.

Ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìgbò, ẹni tó ń kírun àsùbá, ẹni tó ń gbàdúrà òru, inú yàrá kan náà. Gáàrì ẹnìkan, ṣúgà ẹlòmíràn. Ẹ óò jà lórí garawa omi, ẹ óò sì parí rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, torí kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ sá lọ. Mo ti rí i níbi iṣẹ́ lẹ́yìn náà: ẹni tó mọ bá a ṣe ń parí ìjà lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ kì í bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ìyanṣẹ́lódì náà kọ́ni. Ní 2022, oṣù 8 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi wà nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ nígbà náà.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ti gboyè, ẹni tó fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ṣé ẹ mọ ibi tó wà? Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹ pè é lónìí, kó má jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wá iṣẹ́ ni yóò gbóhùn yín. Bí ẹ bá sì ti gbalé sí Yábàá, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kó máa sùn ní pálọ̀ títí ìdánwò yóò fi parí. Ẹ má bi í léèrè ọjọ́ tí yóò lọ.