Ẹ Ra Èyí Tó Ń Jẹ Kó Tó Jẹ Tán

Láti oṣù September ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ìlú Èkó ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Orílé ti fìyà jẹ rí ló ti rí ìtura níbẹ̀. A kò fẹ́ kí ìtura yìí bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìdí nìyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ojú èrò kì í rí: páátì tó ń gba iná wọnú ọkọ̀.

Iná mànàmáná 750 vótì ló ń gbé ọkọ̀ yìí rìn. Láwọn ìlú mìíràn, òkè ni wáyà iná wà. Apá irin kan ló ń nà láti orí ọkọ̀ lọ kàn án, kábọ̀n orí apá náà ló sì ń ha wáyà. Ní tiwa, irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni iná ń gbà, ohun tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní collector shoe ló ń ha á nísàlẹ̀. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ohun tó ń ha gbọ́dọ̀ jẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ kí wáyà tàbí irin olówó ńlá má bàa jẹ. Bí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, kò ní fara kan irin dáadáa mọ́. Iná á máa ta pàrà, ojú irin á máa jó, ọkọ̀ sì lè dákú pẹ̀lú èrò lórí afárá. Atẹ́gùn oníyọ̀ orí ọ̀sà tí ọkọ̀ ń là kọjá kó tó dé Marina kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin rárá.

Ẹ wo Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia. Ọkọ̀ ojú irin 41 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dúró gbagidi torí àìsí sípéà páátì. Owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọn ì bá fi rà á ni kò tó. Ta ni kò mọ ìṣòro dọ́là nílẹ̀ yìí?

Èrò wa ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin ya apá kan owó tíkẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ fún irú páátì bẹ́ẹ̀, kí èyí tó máa tó ọdún kan sì wà nílẹ̀ ní Èkó níbí. Kí LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ètò ìrìnnà Èkó, máa kéde lóṣooṣù iye ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àti iye tó dúró. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ àtúnṣe yìí látìsinsìnyí, torí bí ojú irin bá dé Okokomaiko, tó di kìlómítà 27, páátì á máa tètè jẹ jù báyìí lọ. Àbá ìṣúná tó ń bọ̀ ni kí owó náà ti fara hàn.