Ẹ Pàtẹ́wọ́ fún Gírámà

Láyé tí a wà yìí, ẹni tí gírámà rẹ̀ bá yé àwùjọ kò tí ì tó ẹni tí à ń gbé máíìkì lé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í sọ ni àwọn ọ̀mọ̀wé òde ìnáwó ń ṣà jọ, tí wọ́n ń gbé e sórí WhatsApp láàárọ̀, tí wọ́n sì ń dà á lé àlejò lórí tó bá di alẹ́. Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ti di petrichor lẹ́nu wọn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Ọsirélíà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ tipẹ́ o.

Baba ńlá gbogbo wọn ni pneumonoultramicroscopicsilicovolcanoconiosis, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 45. Ọmọ kékeré a kà á láìmí níwájú ẹbí, ìyá a máa nu omijé ayọ̀, bàbá a máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé Everett Smith, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ pa àlọ́ ní Amẹ́ríkà, ló hun ún lọ́dún 1935 kí ó ṣáà lè gùn. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí eruku ń fà ni. Dókítà tó bá bá a pàdé, silicosis ni yóò kọ sínú fáìlì, tí yóò sì pe aláìsàn tó kàn.

Àṣà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. K.O. Mbadiwe, olóṣèlú àtijọ́ ní Nàìjíríà, ti ń ṣe é kí ọ̀pọ̀ wọn tó dáyé, Patrick Obahiagbon, ọmọ Ẹdó, sì gbé tirẹ̀ wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ lọ́dún 2007.

Àwa tí à ń pàtẹ́wọ́ gan-an ni mo ń bá wí. Olóòtú ètò a ká apá agbádá sí èjìká, a ní floccinaucinihilipilification ló tọ́ sí ètò ìsúná ọdún yìí, gbọ̀ngàn a sì hó yèè, àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú àmàlà a máa fi ọwọ́ òsì lu tábìlì. Ohun tó wí kò ju pé kí a ka ètò ìsúná náà sí ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ká ní ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kọmíṣọ́nà ètò ìsúná tó jókòó sórí àga ọlọ́lá ìbá ti ní kí wọ́n gba máíìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nà ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́, ó sì rán ẹnì kan kí ó bá òun kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí òun fẹ́ fi yin ètò ìsúná ọ̀hún níwájú gómìnà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.