"Ilẹ̀ ti sẹ́ ẹ": ìgbàgbọ́ tí kò ṣe é gbára lé nípa omi kànga

Omi kànga tó mọ́ gaara, tó tutù, tí kò rùn, tí kò sì ní adùn kankan lẹ́nu: ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé irú omi bẹ́ẹ̀ kò lè léwu, torí ilẹ̀ ti sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ á ní kí wọ́n sè é, ó parí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Iyanrìn a máa dí kòkòrò àìsàn lọ́nà, iná a sì máa pa èyí tó bá yọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí iyanrìn kò lè dí lọ́nà, torí ara iyanrìn gan-an ló ti ń jáde: ásẹ́nìkì. Májèlé ni. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò.

Ibi tí aráyé ti rí i kedere jù ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bengal, ilẹ̀ ìrẹsì tí odò Ganges, Brahmaputra àti Meghna tẹ́ sílẹ̀ ní Bangladesh àti ìpínlẹ̀ West Bengal ní Íńdíà. Omi adágún àti odò ni àwọn ará abúlé ibẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀, onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru sì ń pa wọ́n lọ́mọ. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba àti UNICEF ti ń polongo kànga onípáìpù. Gbígbẹ́ rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ ńlá. Wọ́n á fi ọparun ṣe àgbékọ́, wọ́n á máa gbé páìpù sókè, wọ́n á máa jù ú sílẹ̀ nínú ihò tó kún fómi. Ẹnì kan á jókòó lókè, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu páìpù, á sì máa ṣí i. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni fáàfù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti lè dé iyanrìn tó lómi. Bí kànga ṣe di mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò fún ásẹ́nìkì.

Lọ́dún 1983, ní Kolkata, dókítà awọ ara kan, K. C. Saha, bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ará abúlé tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn le, tó ta kókó, tí àyà àti ẹ̀yìn wọn sì kún fún àmì tóótòòtóó. Ọ̀pọ̀ ló ń pe irú rẹ̀ ní ẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ràn; omi kànga ni. Ní Bangladesh, ó di 1993 kí wọ́n tó rí i nínú omi, ní agbègbè Chapai Nawabganj. Nígbà tí ilé iṣẹ́ omi ìjọba ibẹ̀ àti British Geological Survey, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ nílùú Gẹ̀ẹ́sì, wá yẹ kànga 3,534 wò ní 1998 àti 1999, nínú ọgọ́rùn-ún kànga, 25 ló ju 50 máíkírógíráàmù (mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló di gíráàmù kan) nínú lítà kan lọ, ìyẹn òdiwọ̀n òfin Bangladesh. Èyí tó ju 10 lọ, òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, jẹ́ 42.

Bí 10 yẹn ti kéré tó: nínú tánkà omi oní-lítà 10,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù ásẹ́nìkì ti mú un dé òdiwọ̀n. Kò tó iyọ̀ tí ìka méjì ń bù sọ́bẹ̀. Kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè tó ọdún márùn-ún, ó lè ju mẹ́wàá lọ, kí àmì tó hàn lára. Jẹjẹrẹ awọ ara, ti àpòòtọ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró ló ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò nínú ìtàn yìí. Ní 1992, British Geological Survey kan náà ti yẹ omi àwọn kànga kan wò ní Bangladesh. Wọ́n wá oríṣiríṣi nǹkan nínú rẹ̀, àmọ́ ásẹ́nìkì kò sí lára ohun tí wọ́n wá. Àwọn tó mu omi pe ẹjọ́ nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ náà dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì dá a nù ní 2006. Ohun tó kan ẹni tó ní kànga níbikíbi ni pé ìwé àyẹ̀wò kò sọ ju ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá fún yín níwèé tó ní àwọ̀, òórùn, iyọ̀, irin àti kòkòrò ìgbẹ́, tí "As", àmì ásẹ́nìkì, kò sí níbẹ̀, ìwé náà kò tíì sọ nǹkan kan nípa ásẹ́nìkì, bó ti wù kí òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tóbi tó.

Níbo ló ti wá? Ọ̀pọ̀ ń nàka sí ilé iṣẹ́ ńlá, ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò. Ìyẹn lè bá omi ibòmíràn jẹ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fa ti Bengal. Ẹrẹ̀ tí odò kó wá láti òkè Himalaya ni. Ìpáàrà irin bo hóró iyanrìn kọ̀ọ̀kan bí ọ̀dà, òun ló ń mú kí iyanrìn pọ́n rúsúrúsú, ásẹ́nìkì díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìpáàrà yẹn. Tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú ilẹ̀, kò ní kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà bá ẹrẹ̀ náà wọlẹ̀. Bakitéríà ń jẹ wọ́n, wọ́n sì ń lo ọ́síjìn inú omi títí á fi tán. Tí ọ́síjìn bá tán, wọ́n á lo náítíréètì. Tí ìyẹn náà bá tán, ìpáàrà irin ni wọ́n á máa fi mí. Bí ìpáàrà ṣe ń yòrò sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni ásẹ́nìkì tó dì mọ́ ọn ń jábọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé wa: iyanrìn Bengal kò ní ásẹ́nìkì ju iyanrìn ibòmíràn lọ. Àìsí afẹ́fẹ́, ewé jíjẹrà, àti ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé omi abẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàn, ni wọ́n para pọ̀ ṣe é.

Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ìdí tí àwọn agbẹ́lẹ̀ tó gbọ́ṣẹ́ níbẹ̀ fi ń wo àwọ̀ iyanrìn tó ń bá omi jáde. Iyanrìn pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn, ìpáàrà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, omi ibẹ̀ sábà máa ń dára. Iyanrìn aláwọ̀ eérú, ìpáàrà ti yòrò lára rẹ̀, kí wọ́n má fi ojú asẹ́ páìpù síbẹ̀. Àmì tó wúlò ni, ṣùgbọ́n kò dípò àyẹ̀wò.

"Tiwa jìn." Jíjìn bíi ti mélòó? Láàárín mítà 15 sí 50 ni ásẹ́nìkì pọ̀ sí jù ní Bengal, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ kànga abúlé dé dúró, tí ẹni tó gbẹ́ ẹ ń pè é ní kànga jíjìn. Ó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé kànga fífà lásán, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, sábà máa ń ní ásẹ́nìkì tó kéré sí ti onípáìpù, àmọ́ kòkòrò ìgbẹ́ ló máa ń bá a jà. Nínú àwọn kànga tó kọjá mítà 150, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ju 50 máíkírógíráàmù lọ. Ìyẹn náà ní àkíyèsí. Tí wọn kò bá fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì dí àyè tó yí páìpù ká, tàbí tí páìpù bá là níbi ìsopọ̀, omi òkè á máa rọ́ wọ ìsàlẹ̀. Ẹ san owó jíjìn, ẹ sì tún ń mu omi mítà 30.

"Ti aládùúgbò wa dára, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò." Ti aládùúgbò ni wọ́n yẹ̀ wò. Odò a máa yí ipa padà, á fi iyanrìn síhìn-ín, á fi amọ̀ sọ́hùn-ún. Kànga méjì tí kò jìnnà síra wọn ju mítà 20 lọ lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Àǹfààní sì wà nínú èyí, torí ó túmọ̀ sí pé kànga tó dára lè wà nítòsí èyí tó burú. Ní Araihazar, lẹ́bàá Dhaka, níbi tí àwọn onímọ̀ Columbia University ti yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kànga wò, púpọ̀ nínú àwọn tí kànga wọn burú ni kò ní rìn ju mítà 100 lọ kí wọ́n tó dé ọ̀kan tó dára. Ìdí tí ìjọba fi kùn kànga nìyẹn nígbà tí wọ́n yẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 wò láti ọdún 2000: àwọ̀ ewé fún èyí tí ẹ lè mu, pupa fún èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ mu. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 ló gba pupa. Ọ̀dà ti ṣí lára púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti gbẹ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

Ó wá kan sísè. Ásẹ́nìkì kì í bá oru omi lọ. Omi ló ń lọ, òun ló ń kù sílẹ̀. Ẹ gbé lítà 10 kaná, kí ó ní 60 máíkírógíráàmù nínú lítà kan: 600 ló wà nínú ìkòkò. Tó bá hó títí tó fi ku lítà 8, 600 yẹn ṣì wà níbẹ̀, lítà kan ti wá di 75. Iná pa kòkòrò, ó sì mú májèlé ki. Kílórínì náà kì í yọ ọ́. Aṣọ kì í sẹ́ ẹ, torí ó ti yòrò bí iyọ̀.

Álọ́ọ̀mù ńkọ́, èyí táwọn ará ilé wa ń yí nínú omi odò kó lè tòrò? Ó súnmọ́ ohun tó lè ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń tan ènìyàn jẹ. Oríṣi ásẹ́nìkì méjì ló wà nínú omi. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi kànga tí kò ní afẹ́fẹ́ kì í lẹ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù dáadáa. Ó di dandan kí nǹkan kan kọ́kọ́ yí i padà sí oríṣi kejì. Ọ̀nà garawa méjì tí wọ́n dán wò ní Bangladesh nìyẹn: nínú lítà 20, gíráàmù 4 álọ́ọ̀mù lílọ̀ àti mílígíráàmù 40 potassium permanganate, kẹ́míkà tó ń yí i padà. Ẹ rò ó kíákíá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè dì pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì, lẹ́yìn náà kí omi òkè gba inú garawa oníyanrìn kọjá. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: permanganate tó pọ̀ jù á mú omi pọ́n bí òdòdó, ẹni tó bá rò ó jù á tú ohun tó ti dì ká, fọ́sífétì tó bá pọ̀ nínú omi á gba àyè mọ́ ásẹ́nìkì lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ garawa sì ni májèlé wà báyìí, kí ẹnikẹ́ni má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Èyí tó dára jù nínú tilé ni asẹ́ onírin. Abul Hussam, ọmọ Bangladesh tó jẹ́ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Grainger ní 2007 fún irú rẹ̀. Garawa òkè ní iyanrìn odò, ìpele irin wẹ́wẹ́ tó tó kílò 5 sí 10, àti àfọ́kù bíríkì. Ti ìsàlẹ̀ ní iyanrìn, èédú àti bíríkì. Irin yẹn ló ń dógùn-ún, ìpáàrà rẹ̀ sì ń gba ásẹ́nìkì padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára iyanrìn tẹ́lẹ̀. Èédú kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta asẹ́ eléèédú lásán fún yín lórúkọ ásẹ́nìkì. Tí omi bá ń jáde lọ́lẹ̀, iyanrìn òkè ló dí, ẹ bù ú jáde kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ yẹ omi tó ń jáde wò láti ìgbà dé ìgbà, torí asẹ́ tó ti kún kì í kígbe.

Àyẹ̀wò ojú kànga, èyí tí wọ́n ń fi ohun èlò inú páálí kan ṣe, kò le, àmọ́ kò fẹ́ ìwàǹwára. Ẹ kọ́kọ́ fa omi dànù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí èyí tó ti sùn nínú páìpù lọ. Ẹ bu mílílítà 50 sínú ìgò rẹ̀. Ẹ da àpò àkọ́kọ́ sí i, ásíìdì ni, ẹ mì í. Ẹ da èkejì, òun ló ń pa gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, torí gáàsì yẹn lè purọ́ bí ásẹ́nìkì. Ẹ mì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wá da lẹ́búlẹ́bú síńkì, kí ẹ sì fi ìdérí tó ní bébà pélébé bò ó kíákíá. Ásẹ́nìkì á di gáàsì, á kan bébà náà, bébà á pọ́n láti òféfèé dé àwọ̀ ilẹ̀. Nínú irú èyí tó yá, ìṣẹ́jú 10 ni. Tí ẹ bá wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kànga burúkú á jọ rere. Tí omi bá kan bébà, ó ti bàjẹ́. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti fi í wé àwọ̀ inú páálí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí gáàsì náà léwu, mákúrì sì wà lára bébà: ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ má jù ú sílẹ̀ fún ọmọdé.

Tó bá jẹ́ ilé àyẹ̀wò lẹ fẹ́ gbé omi lọ, ẹ gba ìgò tí wọ́n ti kán ásíìdì sí. Láìsí i, irin inú omi á dógùn-ún lójú ọ̀nà, á gbá ásẹ́nìkì mọ́ra lọ sísàlẹ̀ ìgò, wọ́n á sì yẹ omi òkè wò, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan.

Bengal kọ́ nìkan. Ní San Joaquin ní Califọ́níà, fífa omi jù fún oko ń fún ilẹ̀ amọ̀ pọ̀ bí ẹni fún kànìnkànìn, omi tó ní ásẹ́nìkì sì ń jáde nínú amọ̀ náà. Ní Nàìjíríà, ní Langtang àti Kaltungo, flúóráìdì látinú òkúta ló wà nínú omi àwọn kànga kan, ó sì ń sọ eyín ọmọ di aláwọ̀ ilẹ̀. Sísè kì í yọ ìyẹn náà.

Omi kànga tí wọ́n kùn ní pupa ṣe é wẹ̀, ó ṣe é fọṣọ, awọ ara kì í fà á wọlé tó láti ṣe ènìyàn ní nǹkan. Kò ṣe é mu, kò sì ṣe é se oúnjẹ, èyí táwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé. Ìrẹsì pàápàá, tí wọ́n bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ bomi rin ín lóko, ó ti ní tirẹ̀ nínú kó tó dé ìkòkò. Ẹ ṣàn án, ẹ fi omi ìlọ́po mẹ́fà sè é, kí ẹ da omi rẹ̀ nù, ó lè dín tinú rẹ̀ kù tó ìdajì. Àmọ́ omi tó dára ni kí ẹ fi ṣe é o. Tó bá jẹ́ ti kànga pupa, ṣe lẹ óò kàn tún bù kún un.