Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran

Ìgbà tí òfò bá ṣẹlẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń fa òwe yìí yọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣì í lò. Wọ́n á sọ ọ́ sí ẹlẹ́kún létí bí ẹni pé "ó tó gẹ́ẹ́, nu ojú ẹ nù" ni wọ́n ń wí. Òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Ohun tó wí ni pé omijé kì í di ojú pátápátá, pé ẹni tó ń ké ṣì gbọ́dọ̀ máa wo ibi tí ẹsẹ̀ òun ń tẹ̀, kó má lọ torí ẹkún já sí kòtò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó, ẹ gbé e lọ sí àárín agbami, níbi tí èèyàn kan wà nínú ọkọ̀ kékeré tí kò ní àjẹ̀, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé lọ síbi tó bá wù ú.

Poon Lim, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ń gbé oúnjẹ fún àwọn ará inú ọkọ̀ ẹrù Gẹ̀ẹ́sì kan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní November 23, 1942, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àwọn ará Jámánì rì wọ́n sínú òkun Àtìláńtíìkì. Òun nìkan ló yè é. Ó rí pèpéle onígi kan tó léfòó, ó gùn ún. Bisikíìtì inú agolo wà lórí rẹ̀, omi mímu nǹkan bí 40 lítà wà níbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kan náà sì wà. Kò mọ omi wẹ̀ dáadáa, ló bá fi okùn so ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ pèpéle. Nígbà tí oúnjẹ ń tán lọ, ó tú tọ́ọ̀ṣì náà palẹ̀, ó yọ sípíríǹgì inú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ di ìwọ̀. Ó tú okùn sí fọ́nrán-fọ́nrán, ó tún un lọ́ di okùn ìpẹja. Nígbà tó fẹ́ ẹja tó tóbi ju ìyẹn lọ, ó hú ìṣó kan lára pákó, ó tẹ ìyẹn náà. Ọjọ́ 133 ló lò. Nígbà tí àwọn apẹja ilẹ̀ Bùràsíìlì gbé e ní April 1943, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Ẹlòmíì á dì í mú gírígírí, á máa tàn án sójú òkùnkùn lálaalẹ́ títí iná rẹ̀ á fi kú, á sì jù ú sómi. Ojú tó ń sunkún tó tún ń ríran ló rí ẹja nínú sípíríǹgì.

Ti omi ló le jù. Wọ́n ní èèyàn kì í gbé létí odò kó máa fi itọ́ bọ́jú. Òkun kò gbọ́ òwe yẹn rí. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35 nínú, kíndìnrín èèyàn kò sì lè ṣe ìtọ̀ tó níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mu ife kan, ara rẹ̀ á ná ju ife kan lọ kó tó lè tú iyọ̀ náà dànù. Owó èlé ni! Òùngbẹ á máa le sí i, orí á dàrú, èèyàn á sì máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Oúnjẹ pàápàá ń béèrè omi kó tó dà, pàápàá ẹran àti ẹja, nítorí náà ẹni tí kò bá ní omi, kó pa ẹnu mọ́ ná. Òógùn náà ń jí omi gbé: bí oòrùn bá mú, kéèyàn wá ìbòòji, kó rẹ aṣọ sínú òkun kó fi bo ara, kó fi iṣẹ́ tó bá lágbára sí ìrọ̀lẹ́. Tí òjò bá ṣú, kí ohun tí yóò gbà á ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá dúró kí òjò bẹ̀rẹ̀ kó tó máa wá aṣọ kiri, àtẹ́lẹwọ́ ni yóò fi gbà á.

Mi ò fẹ́ràn ìwà William Bligh, ọ̀gá ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì kan. Ẹnu rẹ̀ burú, àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ sì dìtẹ̀ mọ́ ọn ní April 1789, wọ́n ti òun àti àwọn 18 míì sínú ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 23 lọ. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí búrẹ́dì. Ó fi èèpo àgbọn méjì ṣe òṣùwọ̀n, ọta ìbọn ìléwọ́ kan ló sì fi ń wọn ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan, tòun náà. Gbogbo ojú ló ń wò ó. Àwọn ará erékùṣù Tofua pa ẹnì kan nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn 18 tó kù rin nǹkan bí máìlì òkun 3,600 dé erékùṣù Timor láàyè.

Ní ti ọkàn, ibi tí ẹkún ti ń pọ̀ jù ni ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá kọjá tí kò yà. Maurice àti Maralyn Bailey, tọkọtaya Gẹ̀ẹ́sì tí àbùùbùtán fọ́ ọkọ̀ wọn ní òkun Pàsífíìkì ní 1973, rí ọkọ̀ méje tó kọjá lọ. Ìkẹjọ, ọkọ̀ àwọn ará Kòríà, ló gbé wọn ní ọjọ́ 117. Pín-ìnnì aṣọ ni ìwọ̀ tiwọn. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì tán, wọ́n ń ta káàdì tí wọ́n fi bébà ṣe, wọ́n ń ya àwòrán ọkọ̀ tuntun tí wọ́n máa kàn bí wọ́n bá délé. José Salvador Alvarenga, apẹja tí afẹ́fẹ́ gbé lọ, ní tirẹ̀ ń ka òṣùpá kó lè mọ bí ìgbà ṣe ń lọ. November 2012 ló kúrò ní etíkun Mẹ́síkò, January 2014 ló gúnlẹ̀ sí erékùṣù Ebon lójú òkun Pàsífíìkì, ọjọ́ 438. Ẹnìkejì rẹ̀ kú sójú omi. Ara rẹ̀ kọ ẹran àìsè. Kò sẹ́ni tó yẹ kó fi òwe tiwa yìí na irú òkú bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì á ríran dáadáa, agbami á sì mú un lọ.

Steven Callahan ni màá fi parí. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú òkun Àtìláńtíìkì ní 1982, ọjọ́ 76 ló lò nínú ọkọ̀ rọ́bà, ó ń fi ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn sọ omi òkun di omi mímu, ẹ̀kán bí ẹ̀kán, ó sì ń tọ́jú díẹ̀ pa mọ́. Àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀, ẹyẹ tẹ̀ lé ẹja, àwọn apẹja erékùṣù Marie-Galante sì rí ẹyẹ lókè, wọ́n wá wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n bá èèyàn níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pẹja wọn ná, ẹja pọ̀ níbẹ̀. Ó jókòó sínú rọ́bà rẹ̀, ó ṣí omi tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, ó ń mu ún.