Èsì wa sí màmá aládìrẹ tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì nítorí líǹkì gígùn

Ẹ kú ọjà o, ma. Ẹ kú ìnáwó dátà náà.

Fún ẹni tí kò tíì ka ohun tí màmá kọ: wọ́n ní irinṣẹ́ wa ni àwọn fi ń gbé àdìrẹ sórí Facebook, X àti Bluesky lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ìyẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ bí àwọn bá ti lẹ líǹkì ọjà mọ́ ọ̀rọ̀ báyìí, irinṣẹ́ á figbe ta pé ọ̀rọ̀ ti kún. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ti bẹ̀ wá pé ká fi ohun tí ń gé líǹkì kúrú sí i, pé a ò tilẹ̀ fọhùn.

Ẹ jàre wa. A rí ìwé méjèèjì. Èmi rò pé ẹnì kejì mi ti dáhùn, òun náà rò pé mo ti dáhùn. Ẹ má bínú, ma.

Mo ṣí líǹkì tí ẹ fi ránṣẹ́, mo jókòó kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: 187. Orúkọ ìkànnì yín àti orúkọ aṣọ kò ju 46 lọ nínú rẹ̀, gbogbo ìyókù, ìrù ni. Ìrù náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi “?fbclid=”, ohun tí Facebook máa ń lẹ̀ mọ́ líǹkì nígbà tí èèyàn bá gba inú Facebook tẹ̀ ẹ́. Ó ní láti jẹ́ pé orí Facebook yín lẹ ti gba inú rẹ̀ ṣí ọjà yín, ibẹ̀ lẹ sì ti dà á kọ. Mo gé ìrù yẹn sọ nù, mo dán an wò, àdìrẹ Olókun yẹn náà ló ṣì jáde. (Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè lèèyàn ń gé o. Àwọn ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni nọ́ńbà ọjà wà. Fbclid ni kẹ́ ẹ máa wò.)

Ibi tí ẹ̀bi wa wà gan-an rèé, ẹ ò sì bá wa wí nípa rẹ̀ nítorí ẹ ò lè mọ̀. X kì í ka líǹkì bó ṣe gùn. Bó jẹ́ 30, bó jẹ́ 300, iye kan náà ló ń kà á sí, 23, torí pé òun fúnra rẹ̀ á fi t.co, líǹkì kúkúrú tirẹ̀, wé e. Òǹkà tiwa ló ń ka gbogbo 187. Àyè wà fún yín lórí X, àwa la ń pariwo pé kò sí. Bluesky ní tirẹ̀ gba lẹ́tà 300 fún ọ̀rọ̀ kan, ó sì gbà kéèyàn fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ bo líǹkì lójú. A ò ṣe ìyẹn náà fún yín. A ti tún méjèèjì ṣe. Ẹ jáde kúrò nínú irinṣẹ́, kẹ́ ẹ tún wọlé, ẹ ó rí i.

Ṣé kò wá sí ìdí fún gígé líǹkì mọ́ ni? Ó wà. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ iye èèyàn tó tẹ̀ ẹ́, ẹ sì ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ fi ń ránṣẹ́ sí fóònù àwọn oníbàárà àtijọ́. Ibi SMS yẹn gan-an lowó ti ń jò. Ojú ewé SMS kan gba lẹ́tà 160 bó bá jẹ́ lẹ́tà òyìnbó lásán. Ẹ kọ “àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti dé” pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, bó ṣe yẹ ká kọ ọ́, ojú ewé kan á wálẹ̀ sí 70. Líǹkì 187 yẹn nìkan á gba ojú ewé mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kí èèyàn.

Nítorí náà a ń ṣe é, ṣùgbọ́n a ò ní dá orúkọ líǹkì kúkúrú tiwa sílẹ̀. Google dá goo.gl, ohun tí ń gé líǹkì kúrú tirẹ̀, sílẹ̀ ní 2009. Ní 2019 wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe tuntun mọ́. Ní 2024 wọ́n ní gbogbo rẹ̀ á kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2025. Nígbà tí ọjọ́ kù díẹ̀ ni wọ́n yí ohùn padà, pé èyí táwọn èèyàn ṣì ń lò á dúró. Google nìyẹn o. Àwa mẹ́rin là ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan. Bí a bá kógbá wọlé lọ́la, gbogbo líǹkì tẹ́ ẹ ti tẹ̀ sára ọ̀rá ìkọ́jà yín bá wa lọ nìyẹn.

Ẹ ó so àkáǹtì Bitly tàbí TinyURL tiyín (àwọn ìkànnì tí ń gé líǹkì kúrú) pọ̀ mọ́ irinṣẹ́ wa, tàbí kẹ́ ẹ fi YOURLS, ètò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, sórí orúkọ ìkànnì tẹ́ ẹ fi owó yín rà. Ti ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ fún yín. Àwọn èèyàn wa ń sá fún líǹkì tí wọn ò mọ ibi tó ń lọ, wọ́n á ní iṣẹ́ yahoo ni. Bó bá jẹ́ orúkọ ọjà yín ló wà níwájú rẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Bí ẹ kò bá sì so nǹkan kan pọ̀, a ò ní fọwọ́ kan líǹkì yín.

Àwọn oníbàárà díẹ̀ la fi ń dán an wò lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ wà níbẹ̀, ẹ fèsì sí ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ yìí. Mi ò bẹ̀ yín kẹ́ ẹ yí ìràwọ̀ padà o. Bí òǹkà bá tún purọ́, ẹ kọ ọ́ síbí yìí kan náà.

Àdìrẹ Olókun yẹn ńkọ́, ma, ṣé ó ṣì kù? Ìyàwó mi ń wo ẹ̀yìn mi nígbà tí mo ń dán líǹkì wò, ọ̀pá mẹ́fà ló ní kí n béèrè.