Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí ìyá ọmọ tuntun kan. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Bí ikọ́ bá gbé e, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́ kó tó húkọ́. Ìyá kan tí òun náà wá kí i ṣe é kú ewu tán, ló bá bi í pé, "Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo bí i ni, àbí wọ́n bá ọ gbé e jáde?" Ìyá ọmọ ò fèsì. Ó tẹjú mọ́ ọmọ tó ń mu ọmú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó gba òkè àti ẹni tó gba odò, ìdí àtẹ kan náà ni wọ́n ti ń pàdé. Ta ló wá sọ fún yín pé ọmọ tó gba ikùn jáde, ìyá rẹ̀ kọ́ ló bí i?

N ò polówó abẹ o. Fún ọ̀pọ̀ aboyún tí ara rẹ̀ le, ojú ara ló dára jù, ara sì máa ń tètè kọ́fẹ padà. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí iṣẹ́ abẹ bá ti kọjá 10 nínú 100 ìbímọ láwùjọ, àlékún rẹ̀ kò tún dín ikú ìyá àti ọmọ kù mọ́. Ṣùgbọ́n bí ibi ọmọ bá dí ẹnu ilé ọmọ pátápátá, tàbí tí ọmọ dábùú tí kò yí, abẹ lọ̀nà. Igbe "wẹ́rẹ́ ni n ó bí i" kò ṣí ọ̀nà tó dí.

Mo mọ obìnrin kan tí wọ́n ní kó buwọ́ lùwé, tó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé àwọn. Ọkọ ní àfi kí òun bi àwọn àgbà. Ọjọ́ méjì gbáko lọmọ fi há. Nígbà tí wọ́n máa gbà, ọmọ ti kú. Orí ọmọ ti tẹ àpò ìtọ̀ mọ́ egungun títí ara ibẹ̀ fi kú, tó lu, ìtọ̀ wá ń dà lára ìyá tọ̀sán-tòru. Nínú àwọn tó ní "a kì í ṣe é", n ò rí ẹnìkan tó bá a fọ aṣọ.

Lóòótọ́, ẹ̀rù àtijọ́ nídìí. Kí Max Sänger ará Jámánì tó kọ́ àwọn dókítà lọ́dún 1882 bí wọ́n ṣe lè rán ilé ọmọ dáadáa, ọ̀pọ̀ tí wọ́n là ni wọ́n ń gbé sin. Ọdún 1882 dà, òní dà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún abẹ nítorí ẹ̀rù ìrọbí ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń gún sí ọ̀pá ẹ̀yìn kí abẹ má bàa dunni, ò gbé ìrora lọ títí. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ojú ọgbẹ́ á sọ̀rọ̀. Àpá ilé ọmọ sì ń dúró de oyún tó ń bọ̀: ibi ọmọ lè wọnú rẹ̀ kó kọ̀ láti yọ, bẹ́ẹ̀ bí abẹ ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu yìí ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, abẹ ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe abẹ títí ayé. Nínú àwọn tí dókítà yẹ̀ wò tó ní wọ́n lè gbìyànjú, bíi 7 nínú 10 ló ń bí lójú ara, níbi tí yàrá iṣẹ́ abẹ wà nítòsí.

A-bèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ̀yin ò sì béèrè! Oṣù mẹ́sàn-án lo fi ń yan aṣọ ọmọ, o ò bi nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan bóyá orí ọmọ ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní abẹ ni, o ò bi wọ́n pé kí ló dé, ṣé ó lè dúró, báwo ni tọmọ tó ń bọ̀ á ṣe rí. Ìwọ ọkọ, ọjọ́ wo lo tẹ̀ lé e lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, tó o fi wá ń kọ̀ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì ìrọbí?

Àti ìwọ ìyá tó wá kí ọmọ: nígbà mìíràn, gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó lè sùn fún wákàtí kan. Ibi tí ọmọ gbà jáde ò kàn ọ́.