Kì í ṣe alumíníọ̀mù ló ń pa písítìn mọ́tò àtijọ́

Ẹ bá àwọn tó ń tún mọ́tò ayé àtijọ́ ṣe sọ̀rọ̀ nípa písítìn, ìyẹn ohun tí iná ń tì sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Písítìn irin ni kí o fi sí i, alumíníọ̀mù á yọ́." Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí 660°C, alumíníọ̀mù ti yọ́; irin tí wọ́n fi ń ṣe písítìn a máa kọjá 1,100°C kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná tó ń jó nínú sílíńdà, ihò tí písítìn ti ń lọ ti ń bọ̀, ju 2,000°C lọ. Bó bá jẹ́ ti yíyọ́ nìkan ni, irin náà ì bá ti ṣàn wálẹ̀ tipẹ́. Ohun tó ń gba písítìn là ni kí ooru tètè kúrò lórí rẹ̀, kó gba ara ríìngì, òrùka tó yí písítìn ká, bọ́ sí ara sílíńdà, kí omi rédíétọ̀ sì gbé e lọ. Alumíníọ̀mù mọ iṣẹ́ yìí ju irin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Nínú ẹ́ńjìnnì kan náà, orí písítìn irin ló máa ń gbóná jù.

Ní 1913, W.O. Bentley, tó ń ta mọ́tò DFP ti ilẹ̀ Faransé ní Lọ́ńdọ̀nù, dé ilé iṣẹ́ wọn, ó sì rí písítìn alumíníọ̀mù kékeré kan tí wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní kí wọ́n rọ irú rẹ̀ fún mọ́tò òun: ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún alumíníọ̀mù, ìdá 12 bàbà. Mọ́tò yẹn fọ́ àkọsílẹ̀ eré sísá ní Brooklands, pápá eré mọ́tò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Rolls-Royce àti Sunbeam lọ, písítìn alumíníọ̀mù sì bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Òní ńkọ́? Písítìn ọ̀kadà tó ń kọjá lójú títì, alumíníọ̀mù ni.

Ibi tí ìbẹ̀rù ọ̀hún ti wá ni pé alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀. Písítìn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 mm, tí ooru rẹ̀ fi 200°C lé sí i, á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 0.46 mm, ti irin kò ju nǹkan bí 0.22 mm lọ. Nítorí náà, àwọn ti àkọ́kọ́ gba àyè púpọ̀ nínú sílíńdà. Láàárọ̀ kùtù, kó tó gbóná, á máa lu ara sílíńdà gbà-gbà-gbà. Ẹni tó bá dín àyè yẹn kù kí ariwo lè dákẹ́, òun gan-an ló pa ẹ́ńjìnnì. Ojú oòrùn dé, písítìn fẹ̀, ó há. Wọ́n tú u, wọ́n rí alumíníọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, wọ́n ní "ẹ ò rí i, ó yọ́!" Nígbà tó yá, wọ́n la ìsàlẹ̀ písítìn sílẹ̀ díẹ̀ kó lè ráyè fẹ̀.

Písítìn tó bàjẹ́ a máa fi ohun tó pa á hàn. Bó bá họ yíká-yíká, àyè ló kéré tàbí ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló họ, ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Ihò tó yọ́ láàárín orí, púlọ́ọ̀gì tó gbóná jù tàbí èédú inú sílíńdà ló ń tanná kí àsìkò tó tó. Bí ibi tí ríìngì jókòó sí bá fọ́ wẹ́wẹ́, nọ́ọ̀kì ni, ìyẹn ni pé epo ń bú gbàù nínú sílíńdà dípò kó jó wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ti nọ́ọ̀kì yìí, awakọ̀ gan-an ló sábà máa ń fà á láyé ọjọ́un. Ford Model T, tí písítìn tirẹ̀ jẹ́ irin, ní ọ̀pá kékeré kan lápá òsì lábẹ́ sítíárìn tí wọ́n fi ń pinnu ìgbà tí iná á ṣẹ́. Ẹni tó bá gòkè láìdá ọ̀pá náà padà kí iná lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa nọ́ọ̀kì, irin kò sì gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.

Kí ẹ tó yọ alumíníọ̀mù fi irin sí i, ẹ tún wo ìwúwo. Irin fi ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ wúwo jù ú lọ, gbogbo ìwúwo yẹn sì ni ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráǹkì, àti bẹ́árìn rẹ̀, yóò máa fà sókè fà sílẹ̀ bí ẹ bá ti ń tẹná.